Ó Balẹ̀

Akínlàjà onítẹ̀wé, ní òpópó Yaba l'Óǹdó,
fi ìka méjì lu kọ̀ǹpútà, ó ní,
"Àǹtí, bí a ṣe máa ń kọ ọ́ nìyí:
Lẹ́yìn ìjàkadì ọlọ́jọ́ gbọọrọ pẹ̀lú àìsàn.
Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.
Ó máa ń wuyì lára ògiri."
Jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ilé.
Fọ́tò bàbá mi wà lójú ẹ̀rọ, fìlà rẹ̀ wọ́ díẹ̀.

Mo ní kó dúró ná.

Akínlàjà, ìwọ tí wọ́n ti sọ ìjà mọ́ lórúkọ
pé kó o máa là á,
ṣé o ti rí ìjàkadì rí?
Bàbá mi jà á.
Lọ́dún tí kòkó gbówó lórí,
lórí iyanrìn ẹ̀yìn sítọ̀ l'Ọ́kà,
ó bọ́ ẹ̀wù, ó fi àdín pa apá
kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má ráyè dúró níbẹ̀,
òun àti Ògúnṣakin ará Ilé-Olújì wọ̀yá ìjà,
Ògúnṣakin tó ń ru àpò kòkó méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
Wọ́n dì mọ́ra bí ẹni tó ń bá ara wọn kẹ́dùn.
Bàbá mi fẹsẹ̀ kọ́ ọ, ó gbé e, gbì!
Ẹ̀yìn Ògúnṣakin balẹ̀.
Rẹfirí fọn fèrè.
Wọ́n dìde, wọ́n gbọn iyanrìn nù,
wọ́n jọ jẹ iṣu sísun kan náà.
Ìjàkadì nìyẹn. Ó ní fèrè.

Ta ló ń fọn fèrè ní wọ́ọ̀dù ọkùnrin?
Àìsàn ò bọ́ ẹ̀wù, kò ki oríkì ara rẹ̀.
Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin:
apá ọ̀tún kú, ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
mo ń fi ṣíbí fún un ní ògì, ó ń ṣàn sí ọrùn.
Ṣé ìyẹn ni kí n pè ní jíjà?
Èmi ni mo jà.
Mo bá nọ́ọ̀sì jà nítorí bẹ́ẹ̀dì,
mo bá ẹ̀gbọ́n mi jà lórí fóònù nítorí owó,
lóru ọjọ́ kan, kí Ọlọ́run dárí jì mí,
mo bá bàbá mi jà nítorí aṣọ tó tọ̀ sí.

Èdè wa náà ò mọ̀ níwọ̀n.
Òjò á pa wá, a ó délé láàyè.
Ebi á pa wá, a ó jẹun, a ó tún máa ṣàròyé iyọ̀.
Oòrùn pa mí, ọtí pa á, ẹ̀rín pa wá,
òtútù mú mi, n kò sì rí ẹni tó wá gba onídùúró.
Ojoojúmọ́ là ń kú l'Óǹdó yìí
tí a ń jí lọ ra búrẹ́dì.

Ọ̀rọ̀ kan ni mi ò lóye di òní.
Ẹ̀yìn rẹ balẹ̀, wọ́n ti dá ọ.
Ọkàn rẹ balẹ̀, ìwọ lo yege.
Ilẹ̀ kan náà ni o.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹni tí kò sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Àjíǹde
fi ọwọ́ òsì tẹ bẹ́ẹ̀dì, ó ní,
"Ó ti balẹ̀."
Mi ò mọ èyí tó ń wí.
Mi ò bi í. Mo rò pé ilẹ̀ á mọ́.

Kọ ọ́ báyìí, Akínlàjà:
Akíndùró, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin.
Ó balẹ̀ lóru Ọjọ́bọ̀.

Akínlàjà họrí.
"Àǹtí, wọ́n á rò pé ọkọ̀ òfúrufú ni."

Ẹ̀rín pa mí.
Mo jókòó sórí páálí ìwé, ẹ̀rín pa mí títí omi fi dé ojú,
ó bá mi tún fìlà bàbá mi ṣe lójú ẹ̀rọ,
lẹ́yìn náà a wá ń ja owó ẹ̀dà ogójì.